Àádọ́ta Pọ́n-ùn Lọ́wọ́ Ẹni Tí Kò Ní Ìbò

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 1940, àwọn obìnrin tí iye wọn lé ní ọgọ́rùn-ún péjọ síwájú ọ́fíìsì Kọmíṣọ́nà Kọ́lónì ní Èkó. Ogun Hitler ti wọ ọdún kejì. Bọ́ǹbù ń rọ̀ sórí London lóru, ọkọ̀ òkun tó ń kó ẹrù wá sí Èkó ti dín kù, owó ọjà sì ti ń gbẹ́sẹ̀ lé òkè. Òfin owó orí tuntun ló gbé àwọn obìnrin yìí kúrò nídìí àtẹ wọn. Òfin náà sọ pé obìnrin Èkó yòówù tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún bá ti ju £50 lọ, kó wá san owó orí.

Ọmọ tó bá ka ìtàn nílé ẹ̀kọ́ lórílẹ̀-èdè wa á ti gbọ́ nípa ogun àwọn obìnrin ní 1929 nílẹ̀ Ìgbò àti Ìbìbíò. Á ti gbọ́ nípa Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti àti àwọn obìnrin Abẹ́òkúta tí wọ́n jà títí Aláké fi kúrò lórí ìtẹ́ ní 1949. Ti Èkó, tó bọ́ sáàárín méjèèjì, kì í sábà yọ lẹ́nu wa. Kò sẹ́ni tí wọ́n yìnbọn pa níbẹ̀, kò sì sí ọba tó kó ẹrù rẹ̀ jáde láàfin. Àwọn obìnrin rìn, wọ́n rojọ́, wọ́n tẹ ìka sórí ìwé, nǹkan sì yí padà. Bóyá ìyẹn gan-an ló jẹ́ ká gbójú kúrò lára rẹ̀. Èmi kò lè gbójú kúrò, nítorí ọmọ ẹlẹ́ja ni mí, ẹlẹ́ja sì ni olórí wọn.

Àlímọ̀tù Pelewura lorúkọ rẹ̀. Ọjà Èrékò ló ti ń ta ẹja. Iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ṣe náà nìyẹn. Kò kàwé. Síbẹ̀, nígbà tí 1940 fi máa pé, òun ni olórí Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Ọjà ní Èkó, ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń rìn láti ọjà dé ọjà káàkiri erékùṣù náà. Ọba Èṣùgbàyí Eléko ti fi í joyè láti 1910. Ní àárín àwọn ọdún 1930, nígbà tí ìjọba fẹ́ ṣí ọjà Èrékò lọ sí Olúwọlé, ó lóun ò ní lọ. Wọ́n tì í mọ́lé. Àwọn obìnrin ọjà yòókù kò sinmi títí wọ́n fi tú u sílẹ̀. Ẹni tí ìjọba ti tì mọ́lé rí tó sì tún padà sídìí àtẹ rẹ̀, ẹ̀rù wo ni wọ́n tún fẹ́ fi bà á?

Ká tó dé ọ̀dọ̀ Kọmíṣọ́nà, ẹ jẹ́ ká wo bí owó orí ṣe rìn dé ọ̀dọ̀ obìnrin Èkó, torí ó pẹ́ kó tó dé.

Àwọn baba wa mọ ìṣákọ́lẹ̀, wọ́n mọ owó oníbodè, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń gbé fún ọba nígbà ọdún. Kí àjèjì máa ka orí ènìyàn kó sì gba owó lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ni wọn ò mọ̀. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbé e dé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ní 1918, ogun ló dì, ogun Àdúbí tí àwọn àgbà ṣì ń dárúkọ. Nílẹ̀ Ẹ̀gbá náà, wọ́n gba ti obìnrin lọ́tọ̀: ṣílè márùn-ún fún ọkùnrin, ṣílè méjì-àbọ̀ fún obìnrin. Èkó ní tirẹ̀ jẹ́ kọ́lónì láti 1861, ìlànà ibẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti àwọn ìlú òkè. Ìgbà tó di 1927 ni wọ́n ṣòfin kí ọkùnrin Èkó máa san owó orí. Obìnrin kò sí nínú rẹ̀. Nígbà tí àhesọ bẹ̀rẹ̀ sí jà ní 1932 pé ó ti kàn wọ́n, àwọn aṣojú wọn lọ bá aláṣẹ Kọ́lónì ní ọ́fíìsì, ó sì fi dá wọn lójú pé ìjọba kò ní irú èrò bẹ́ẹ̀ lọ́kàn.

Ọdún mẹ́jọ lẹ́yìn náà, òfin dé. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ 1932 yẹn wà lọ́kàn àwọn tó dúró síwájú ọ́fíìsì lọ́jọ́ náà ju bí ìwé ṣe sọ lọ. Obìnrin ọjà kì í gbàgbé àdéhùn. Orí àdéhùn ẹnu lásán ni gbogbo òwò rẹ̀ dúró lé: ẹni tó gbé ọjà fún un láwìn kò ní ìwé, ẹni tó kó àwìn lọ́wọ́ rẹ̀ kò ní ìwé. Kí aláṣẹ sọ ohun kan fún un lójú ara rẹ̀, kí aláṣẹ mìíràn wá yí i padà láì tilẹ̀ pè é, ìwà tí kò sí alájàpá tó lè hù ú kó sì tún rí ọjà gbà lọ́la ni.

Kí ló yí padà láàárín 1932 àti 1940? Ogun ni. Orí owó ibodè ni ìjọba Nàìjíríà ń jẹun sí jù nígbà náà: ẹrù tó ń wọlé lójú omi, ẹrù tó ń jáde. Nígbà tí ogun gba ọkọ̀ òkun, tí Jámánì tó ń ra epo ẹyìn àti kòkó wa di ọ̀tá lọ́jọ́ kan, orísun owó yẹn ò ṣeé gbára lé mọ́. Ìjọba tó wà ní London sì ní kí kọ́lónì kọ̀ọ̀kan máa bọ́ ara rẹ̀, kó sì tún ran ogun lọ́wọ́. Gómìnà Bernard Bourdillon, tó ń ṣàkóso Nàìjíríà láti 1935, kì í ṣe òǹrorò. Nínú àwọn gómìnà tó jẹ lórí wa, mo tiẹ̀ kà á mọ́ àwọn tó ń tẹ́tí. Ṣùgbọ́n àpò ti gbẹ, òfin owó orí lórí owó tó ń wọlé sì wà ní ìmúrasílẹ̀, ohun tí London ti fẹ́ kí àwọn kọ́lónì gbà tipẹ́tipẹ́.

Kò dá bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Èkó nìkan. Ní Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, Gómìnà Slater gbìyànjú rẹ̀ ní 1931, ìlú dàrú, wọ́n sì gbé e tì. Ní 1943, tí ogun ń lọ lọ́wọ́, Gómìnà Alan Burns gbé e wọlé. Ní Hong Kong, ọdún 1940 kan náà ni Gómìnà Northcote fẹ́ gbé e kalẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́ ogun. Àwọn oníṣòwò ńlá ibẹ̀, òyìnbó àti ọmọ Ṣáínà, kọ̀ jálẹ̀, torí wọn ò fẹ́ kí òṣìṣẹ́ ìjọba máa ṣí ìwé ìṣirò wọn wò. Ìjọba ní láti tẹ̀ síbi tí wọ́n fẹ́: dípò owó orí kan ṣoṣo lórí gbogbo ohun tó ń wọlé fún ènìyàn, wọ́n yà á sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ti owó oṣù, ti ilé, ti èrè òwò. Bẹ́ẹ̀ ni Hong Kong ṣì ṣe ń ṣe é títí di òní.

Mo máa ń ronú nípa àwọn oníṣòwò Hong Kong yẹn nígbà tí mo bá ń ronú nípa Èrékò. Àwọn tó jókòó sígbìmọ̀ aṣòfin níbẹ̀ jẹ́ ènìyàn wọn. Wọ́n ní ìwé ìṣirò tí wọn ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò. Obìnrin Èkó kò ní aṣojú nígbìmọ̀ kankan, kò sì ní ìwé tí ẹnikẹ́ni lè wò. Ohun tó ní kò ju àtẹ rẹ̀ àti ẹnu rẹ̀ lọ.

N ò sí lára àwọn tó gbà pé olè pátápátá ni owó orí yìí o. Bí a bá fẹ́ sọ òótọ́, kí ènìyàn san gẹ́gẹ́ bí agbára rẹ̀ ti tó sàn ju owó ibodè lọ. Owó ibodè, ara iyọ̀ àti aṣọ ló máa ń fara pamọ́ sí. Tálákà tó ra iyọ̀ tọ́rọ́ ń san án láì mọ̀. Ó sì sàn ju owó orí alápapọ̀ lọ, níbi tí alágbàṣe àti olówó ti ń san ṣílè márùn-ún kan náà. Ó yẹ kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èrè lọ sí Liverpool san. Ó yẹ kí òṣìṣẹ́ àgbà tó ń gba owó oṣù ńlá san. Níbi tí òfin ti bọ́ sọ́jà ló ti dojú rú, torí ẹni tó kọ ọ́ kò mọ bí owó ṣe ń rìn lọ́jà.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé, torí ohun tí mo mọ̀ dáadáa nìyí.

Ẹja yíyan ni màmá mi ń tà, ní ọjà kan ní Mushin. Èmi ni mo máa ń bá a kọ ìwé rẹ̀ lálẹ́, láti ìgbà tí mo ti mọ ìṣirò díẹ̀. Á tú ìlábùrù rẹ̀, á da owó sórí ẹní, owó náà á sì pọ̀ lójú ọmọdé. Nígbà yẹn la máa bẹ̀rẹ̀ sí pín in. Apá tó pọ̀ jù lọ, owó ẹni tó gbé páálí ẹja inú yìnyín fún un láwìn ni. Ìyẹn ò ṣeé fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà owó igi tí a fi yan án. Owó alábàárù. Owó àyè tó jókòó sí. Ẹja tó fọ́ sórí ààrò, tó tà ní ìdajì owó, òun náà ní ojú ìwé tirẹ̀. Owó alájọ tó máa ń yà ní ìdájí. Owó èsúsú ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Nígbà míì tí ojú owó fúnra rẹ̀ bá ti dín, tí oníbàárà kan kó àwìn tí kò sì tíì padà yọjú, màmá mi á kàn sọ pé, «Kọ ọ́ síbẹ̀. Á wá.» Mo kọ ọ́ síbẹ̀. Àwọn mìíràn wá, àwọn mìíràn ò wá.

Èló ni owó tó wọlé fún màmá mi lọ́dún? Èmi tí mo kọ ìwé náà kò lè sọ ọ́ fún yín. Bí ẹ bá ka owó tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá, ẹ ó pè é lólówó. Bí ẹ bá yọ ojú owó kúrò, àti gbèsè, àti ohun tó bàjẹ́, èyí tó kù ni a ń jẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, èyí tó sì kù nínú ìyẹn ni owó ilé-ìwé wa. Kò sí ibì kan tí ó ti dúró tí ènìyàn lè tọ́ka sí i pé èyí ni owó ọdún rẹ̀. Akọ̀wé ìjọba mọ iye owó oṣù rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé kí wọ́n tó fún un. Ti obìnrin ọjà, ojú ni aláṣẹ máa fi díwọ̀n rẹ̀: bí àtẹ rẹ̀ ṣe kún tó, bí gèlè rẹ̀ ṣe ga tó lọ́jọ́ ọdún. Ẹja tó kún àtẹ náà sì lè máà jẹ́ tirẹ̀.

Mo tún fi ìṣirò wo £50 yẹn fúnra rẹ̀. Bí a bá pín in sí ọjọ́ 365, ó jẹ́ nǹkan bíi ṣílè méjì àti pẹ́nì mẹ́sàn-án lójúmọ́. Ní 1945, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti ọkọ̀ ojú irin daṣẹ́ sílẹ̀ káàkiri Nàìjíríà, tí Michael Imoudu jẹ́ ọ̀kan lára àwọn aṣáájú wọn, ohun tí wọ́n ń béèrè fún alágbàṣe tó kéré jù lọ ni ṣílè méjì-àbọ̀ lójúmọ́, torí èyí tí wọ́n ń gbà kò tó jẹun mọ́. Ọjà ti wọ́n ju ti 1940 lọ nígbà náà, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí méjèèjì ṣe súnmọ́ra tó. Obìnrin tí òfin 1940 kà sí ẹni tó rí já jẹ fi díẹ̀ ju alágbàṣe tó ń gbẹ́ gọ́tà lọ, ó sì tún lè jẹ́ pé òun ló ń bọ́ alágbàṣe náà àti àwọn ọmọ rẹ̀.

Nítorí náà wọ́n lọ. Wọ́n ní kí wọ́n pa òfin náà rẹ́ pátápátá. Herbert Macaulay, tó ti ń bá àwọn obìnrin ọjà ṣe láti ìgbà tó ti dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923, bá wọn kọ ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Gómìnà. Àwọn obìnrin tó lé ní igba tẹ ìka wọn sí i. Àwọn kan máa ń ka ìtẹ̀ka sí àmì àìmọ̀wé, wọ́n á ní Macaulay ló ń darí àwọn ìyá wa bó ṣe wù ú. N ò gbà. Macaulay ló ní gègé, àwọn ló ní ọjà. Láìsí wọn, ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ kò ní ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Ìka kọ̀ọ̀kan tó wà lórí ìwé yẹn, ẹnì kan tó pa àtẹ rẹ̀ tì tó sì pàdánù owó ọjọ́ náà ló ni ín, tó mọ̀ pé ìjọba lè fi ìka náà wá òun kiri lọ́la.

Kọmíṣọ́nà gbọ́ wọn. Ó sọ fún wọn pé àwọn obìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ń san owó orí. Èsì Pelewura tó dé ọ̀dọ̀ wa ni pé kò ya òun lẹ́nu, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe owó. Tálákà ni àwọn tó wà níhìn-ín. Èsì ọlọ́jà ni: ó wo ibi tí owó ń lọ, ó sì sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí Kọmíṣọ́nà sọ yẹn ní ihò mìíràn nínú, àwọn tó péjọ ní Gbọ̀ngàn Glover lẹ́yìn ọjọ́ méjì kò sì jẹ́ kó kọjá. Èrò rẹpẹtẹ ló wá síbẹ̀, àwọn tó mọ̀wé àti àwọn tí kò mọ̀wé, ìyàwó olówó àti ẹni tó ń kiri tòmátò. Ọ̀rọ̀ tó ta jáde níbẹ̀ ni pé ẹni tí kò ní ìbò kò yẹ kó san owó orí.

Obìnrin Gẹ̀ẹ́sì tí Kọmíṣọ́nà fi ṣàpẹẹrẹ ti ń dìbò. Láti 1918 ni wọ́n ti fún àwọn tó ti tó ẹni ọgbọ̀n ọdún nínú wọn láyè. Ní 1928 wọ́n sọ ọ́ di ọgbọọgba pẹ̀lú ọkùnrin. Èkó ńkọ́? Láti 1922 ni Òfin Ìpìlẹ̀ Clifford ti fún Èkó ní àga mẹ́ta nígbìmọ̀ aṣòfin tí wọ́n ń dìbò yàn, Calabar ní ọ̀kan. Ọkùnrin tí owó tó ń wọlé fún un tó £100 lọ́dún nìkan ló lè dìbò. Obìnrin, ì báà ní £1,000, kò lè wọ ibẹ̀. Kí ọkùnrin tó dìbò, ó gbọ́dọ̀ ní £100. Kí wọ́n tó gba owó lọ́wọ́ obìnrin, £50 ti tó. Láti sanwó, ìdajì owó tó ń sọ ọkùnrin di ẹni tí wọ́n ń fọ̀rọ̀ lọ̀ ti tó láti ka obìnrin mọ́ ìlú. Nígbà tó bá kan ìbò, kò sí iye owó tó lè sọ ọ́ di ara ìlú.

Ìjọba yí òfin padà. Láàárín ọjọ́ méjì sí ìgbà tí àwọn obìnrin kọ́kọ́ lọ, £50 ti di £200. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ṣílè mọ́kànlá lójúmọ́, iye tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọlọ́jà Èkó kò sún mọ́.

Inú mi máa ń dùn tí mo bá dé ibẹ̀ nínú ìtàn yìí. Lẹ́yìn náà ni inú á wá bẹ̀rẹ̀ sí bí mi. Bí iye kan bá lè di ìlọ́po mẹ́rin láàárín ọjọ́ méjì, ta ló ṣírò rẹ̀ tẹ́lẹ̀, kí ló sì wò? Kò sẹ́ni tó lọ sí Èrékò lọ béèrè èló ni ẹlẹ́ja ń jẹ lórí agbọ̀n ẹja kan. Ẹnì kan jókòó, ó mú iye kan, ó kọ ọ́, Gómìnà fọwọ́ sí i, ó di òfin. Ká ní àwọn obìnrin ò jáde ni, orí £50 yẹn ni wọn ì bá ti máa gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá wa, kò sì sí ọmọ ìwé tó máa mọ̀ lónìí pé àfojúdíwọ̀n ni. Ìgbà ogun ló jẹ́ kí irú èyí rọrùn. Ẹni tó bá ní òun ò san nígbà tí ọmọ ẹlòmíràn ń kú lójú ogun, ojú ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n á fi wò ó, kò sì sẹ́ni tó máa dúró bi aláṣẹ bó ṣe ṣírò rẹ̀. Àwọn obìnrin Èkó béèrè. Wọn ò ta ko ogun. 

£200 náà kò tẹ́ Pelewura lọ́rùn. Ohun tó fẹ́ ni kí obìnrin má san rárá níwọ̀n ìgbà tí nǹkan bá ṣì rí bó ṣe rí. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ó ti ṣàṣejù, pé ó ti rí èyí tó pọ̀ gbà, kó sinmi. N ò rò bẹ́ẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ lè má wọ inú àwọn tó máa san, ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́rù ńlá tó ń ta aṣọ wà nínú ẹgbẹ́ rẹ̀, ó sì kọ̀ láti fi wọ́n sílẹ̀ torí pé ìjọba ti dá àwọn kéékèèké sí. Ibi tí ẹgbẹ́ sábà máa ń fọ́ sí nìyẹn.

Ogun kò sì tíì tán pẹ̀lú wọn. Láàárín 1941 sí 1945, ìjọba fẹ́ máa dá iye owó lé oúnjẹ ní Èkó, gàrí ní pàtàkì, kí wọ́n sì máa tà á ní ọjà tí ìjọba fúnra rẹ̀ ṣètò. Òyìnbó kan, Kápútéènì Pullen, ni wọ́n fi sídìí rẹ̀. Àwọn alágàrí kọ̀, torí iye tí wọ́n dá lé e kéré sí owó tí wọ́n fi rà á wá láti ìlú òkè; gàrí wá di ohun tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀. Ìtàn sọ pé wọ́n fi owó oṣù ńlá lọ Pelewura kó lè bá wọn bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀, ó sì kọ̀ ọ́. Àṣìṣe kan náà ni wọ́n tún ṣe: wọ́n dá iye lé ọjà tí wọn ò rà rí.

Ní oṣù Kẹfà 2025, Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kìíní 2026. Lábẹ́ rẹ̀, ₦800,000 àkọ́kọ́ nínú owó ọdún ènìyàn kò ní owó orí. Mo pín òun náà sí ọjọ́ 365: ó lé díẹ̀ ní ₦2,190 lójúmọ́. Mo yọ̀ pé wọ́n fi ibì kan sílẹ̀ fún tálákà. Ṣùgbọ́n kò tíì sẹ́ni tó wá bá màmá mi jókòó láti bi í bí ojú owó rẹ̀ ṣe tó, bẹ́ẹ̀ ni tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń já fún un ní àràárọ̀ kò sì sí lára ohun tí òfin yẹn ń kà. Gbogbo ìgbà tí mo bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ lórí rédíò pé àwọn ọlọ́jà kì í san owó orí, ó máa ń dùn mí. Wọ́n ń san án lójoojúmọ́ ayé. A ò kà á ni.

Ní 1946, Òfin Ìpìlẹ̀ Richards jáde. Macaulay kú ní oṣù Karùn-ún ọdún náà. Òfin tuntun yìí dín owó tí ọkùnrin Èkó gbọ́dọ̀ ní kó tó lè dìbò kù: ó mú un kúrò ní £100, ó sì sọ ọ́ di £50, iye kan náà tí wọ́n fẹ́ fi gba owó orí lọ́wọ́ àwọn ìyá wa ní ọdún mẹ́fà ṣáájú. Ọkùnrin tó ń rí £50 lọ́dún ti di ẹni tí wọ́n ń wá ìbò rẹ̀ kiri. Obìnrin tó ń rí £50, tàbí £200 tó sì ń san owó orí lórí rẹ̀, kò sí nínú ìwé náà. Pelewura ṣì ń ṣe olórí àwọn ọlọ́jà Èkó nígbà tí wọ́n kọ ọ́.